Eruku ọyẹ́, àtè ilé àti ojú kámẹ́rà

Ní Kétu ti orílẹ̀-èdè Benin, bí ọyẹ́ bá ti mú, eruku a máa jí ṣáájú onílé. Kí ẹ tó bọ́jú tán, ó ti wà lórí tábìlì, ó ti wà lójú gíláàsì, ó sì ti wọ báàgì kámẹ́rà tí ẹ fa sípù rẹ̀ pa láti alẹ́ àná. Apá kan nínú rẹ̀ ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, afẹ́fẹ́ ló gbé e. Apá kejì ni ilẹ̀ pupa tiwa níhìn-ín tí àwọn sẹ́míjàn (ọ̀kadà) ń tú sókè lójú ọ̀nà. Ẹ wá lọ ya fótò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Tí àwọn oníjó bá ti ń fẹsẹ̀ kilẹ̀, tí irin ọrùn ẹsẹ̀ wọn ń dún, eruku á rú bí èéfín. Níbẹ̀ gan-an ni yóò sì ti di dandan fún yín láti pààrọ̀ lẹ́ńsì, torí ẹ fẹ́ mú ère tó wà lórí oníjó kí ó tó yí ẹ̀yìn sí yín. Lálẹ́, tí ẹ bá gbé fótò sórí kọ̀ǹpútà, ojú ọ̀run á rí bí aṣọ funfun tí wọ́n ta aró sí.

Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń bi mí: "Ọ̀gá, ṣé n kò lè fi sikọ́ọ̀ṣì yọ ọ́ ni?" Sikọ́ọ̀ṣì ni sẹ́lótéèpù, fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí láti Nàìjíríà. Ìdáhùn mi ni pé àtè ilé wúlò gidigidi, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí eruku ń gbà wọlé ni kí ẹ ti lò ó, kì í ṣe ojú ibi tí eruku bà lé. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí ni bí a ṣe ń pín iṣẹ́ yẹn.

Ohun tí mò ń pè ní àtè ilé rèé: sikọ́ọ̀ṣì, tépù bébà tí àwọn akunlé ń lẹ̀ mọ́ etí fèrèsé, ìwé pélébé alálẹ̀mọ́ tí àwọn akọ̀wé fi ń kọ ìrántí, Patafix tí a fi ń lẹ fótò mọ́ ògiri, àti kọ́ọ̀lù funfun àwọn káfíńtà. Àwọn baba wa mọ àtè tòótọ́, oje igi tí wọ́n ń fi sórí ẹ̀ka láti mú ẹyẹ. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kàn án rí mọ̀ pé ẹyẹ lè bọ́, ṣùgbọ́n àtè á kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìwà kan náà ni gbogbo ti inú ilé yìí ń hù. Ti ọ̀kan kàn pọ̀ ju ti èkejì lọ ni. Ooru sì ń dá kún un. Tépù tó ti wà lórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé láti òwúrọ̀ á ti rọ̀, oje rẹ̀ á máa fà bí ilá.

Ó ti ṣe mí rí, n ò ní purọ́. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), mo rí àmì kan ṣoṣo lápá òkè fótò tí mo fi dán kámẹ́rà wò. Mo gé sikọ́ọ̀ṣì, mo ká a mọ́ orí bírò, mo fi kan sẹ́nsọ̀, ojú inú kámẹ́rà tó ń gba àwòrán, pẹ́. Àmì yẹn lọ lóòótọ́. Àmọ́ ibi tí tépù kàn wá dà bí ìgbà tí èèyàn jẹ àkàrà tán tó fi ọwọ́ tẹ gíláàsì. Mo fi f/4, ihò lẹ́ńsì tó fẹ̀, ya ìgbéyàwó náà láti àárọ̀ dalẹ́ kí ó má baà hàn, mo sì gbé kámẹ́rà lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe ní Kútọnu. Owó tó gbà lọ́wọ́ mi tó ra rọ́bà ìfẹ́ eruku mẹ́wàá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá eruku náà rí

Àmì dúdú tó wà lójú fótò kì í ṣe eruku fúnra rẹ̀, òjìji rẹ̀ ni. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló bo sẹ́nsọ̀, orí gíláàsì yẹn ni eruku jókòó sí. Bí ihò lẹ́ńsì bá fẹ̀, bíi f/2.8, ìmọ́lẹ̀ á gba ọ̀nà púpọ̀ yọ sí i, òjìji á túká, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Bí ihò bá há, bíi f/16 tàbí f/22, òjìji á mú ṣáṣá. Ìdí nìyẹn tí kámẹ́rà kan náà fi lè dà bí èyí tó mọ́ nínú ilé, tí yóò sì dójú tì yín ní ìta gbangba.

Torí náà, ẹ gbé kámẹ́rà sí ISO 100 (ISO ni ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) àti f/22. Ẹ dojú rẹ̀ kọ ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run, ẹ yí lẹ́ńsì kí ohun tó wà níwájú yín má ṣe mú rárá, kí ẹ sì máa mi kámẹ́rà díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń yà á. Ohun tó wà lára ògiri á fà gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀. Ohun tó bá dúró gbọn-in gbọn-in, inú kámẹ́rà ló wà. Bí àmì kan bá hàn nígbà tí ẹ fi ojú wo ihò ìwòran kámẹ́rà oní-dígí (DSLR, èyí tó ní dígí níwájú sẹ́nsọ̀), tí kò sì sí nínú fótò, ara dígí tàbí gíláàsì òkè rẹ̀ ni ó wà. Ẹ fi sílẹ̀. Kò ba fótò kankan jẹ́, ìnáwó tó sì ń tẹ̀lé fífọwọ́ kan dígí yẹn kò kéré.

Ẹ rántí pé orí kodò ni àwòrán ń wà lójú sẹ́nsọ̀. Bí kámẹ́rà bá dúró bó ṣe yẹ, tí ẹ sì dojú kọ ẹnu rẹ̀, àmì tó wà lókè lápá òsì fótò, ìsàlẹ̀ lápá òsì ni ẹ ó ti bá eruku rẹ̀. Òkè nìkan ló ń di ìsàlẹ̀. Òsì ò kúrò lápá òsì. Mo ti rí ẹni tó fi wákàtí kan gbáko fẹ́ afẹ́fẹ́ sí igun tí kò sí nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pa eruku yàrá kú

Ìdájí ló dára jù, kí ọ̀nà tó kún. Ẹ pa fáànù, ẹ ti fèrèsé, ẹ fi omi wọ́n ilẹ̀, ẹ sì fi àkísà tútù nu orí tábìlì. Ẹ má wọ aṣọ òfì tàbí aṣọ onírun. Iṣẹ́ yìí ò fẹ́ ohun tó ń já fọ́nrán. Yàrá ìwẹ̀ tí ẹnì kan ti fi omi gbígbóná wẹ̀ nínú rẹ̀ dára púpọ̀, torí ooru omi ń wọ́ eruku wálẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ooru náà lọ tán kí ẹ tó ṣí kámẹ́rà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ibi tí àtè ti níṣẹ́

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró pẹ́. Eruku tó wọ sẹ́nsọ̀ kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ìdérí lẹ́ńsì tó wà nínú àpò ṣòkòtò ló gbé e wá, tàbí etí irin tí lẹ́ńsì ń wọ̀, tàbí ìsàlẹ̀ báàgì tí ẹ kò tíì gbọ̀n láti ọdún ìjarùn-ún. Ẹ ó pàdánù àkókò bí ẹ bá fọ sẹ́nsọ̀ tí ẹ sì fi ìdérí ẹlẹ́rùpẹ̀ dé e padà.

Ẹ gé sikọ́ọ̀ṣì tó gùn tó ìka méjì. Ẹ ká a mọ́ ìka ìtọ́ka kí ojú tó ń lẹ̀ kọjú síta. Kí ẹ tó fi kan ohunkóhun, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì mímọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin kí agbára rẹ̀ dínkù. Kí gbogbo rẹ̀ wáyé nígbà tí lẹ́ńsì ṣì wà lẹ́nu kámẹ́rà. Ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́ tí ẹ ń gbé e, tẹ̀ kí ẹ gbé, ní àwọn ojú ìpàdé ara kámẹ́rà, ní etí bọ́tìnnì, ní àyíká ibi tí lẹ́ńsì àti kámẹ́rà ti pàdé. Ẹ má wọ́ ọ. Wíwọ́ ń fi oje sílẹ̀, ó sì ń ti iyanrìn wọnú kòtò. Tí tépù bá ti pupa, ẹ jù ú nù, ẹ gé òmíràn. Ẹ ó yà á lẹ́nu bí yóò ti pupa tó.

Lẹ́yìn èyí, inú ìdérí kámẹ́rà àti ìdérí ẹ̀yìn lẹ́ńsì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wo ibẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìtẹ́ eruku. Ẹ lè fi ọṣẹ fọ ìdérí náà kí ó gbẹ dáadáa, tàbí kí ẹ fi Patafix tí ẹ ti pò mọ́ ọwọ́ tẹ inú rẹ̀ yípo. Fún báàgì, ẹ yí tépù tó fẹ̀ mọ́ ìgò omi ní ojú òdì, kí ẹ sì yí ìgò náà kiri inú báàgì bí ẹni ń yí odó. Báàgì mi kò fẹ́ nǹkan mìíràn mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn ibi tí àtè kò gbọdọ̀ kàn: àwọn irin kéékèèké aláwọ̀ wúrà tí lẹ́ńsì fi ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀, torí oje á mú kí wọ́n máa yàn odì, rọ́bà àtijọ́ tó ti ń bó, dígí inú kámẹ́rà, tí fàdákà rẹ̀ wà lójú gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn bíi ti dígí ìwoju, àti ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níwájú sẹ́nsọ̀. Abẹ ṣọ́tà fẹ́lẹ́ gan-an. Bí tépù bá lẹ̀ mọ́ ọn tí ẹ fà á, ó lè ti ibi tó wà yẹ̀, iṣẹ́ di ti ẹlòmíràn nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ojú sẹ́nsọ̀

Bátìrì gbọ́dọ̀ kún. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí kámẹ́rà gbọ̀n ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà òde òní ni ó ní àṣẹ yẹn nínú mẹ́nù. Bí tiyín bá jẹ́ oní-dígí, ẹ yan àṣẹ ìfọ̀mọ́ tó ń gbé dígí sókè tó sì ń ṣí ṣọ́tà. Ẹ má fi ọgbọ́n orí ṣí i nípa fífi àkókò gígùn ya fótò, torí yóò padé mọ́ ohun tó bá wà nínú rẹ̀.

Ẹ gbé kámẹ́rà kí ẹnu rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀, ẹ sì fi rọ́bà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti ìsàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹwàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí eruku lè rí ọ̀nà bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá rí rọ́bà ìfẹ́ eruku rà lè lọ sí ilé oògùn, kí ó ra rọ́bà rògòdò tí àwọn ìyálọ́mọ fi ń fa ikun nímú ọmọ. Tuntun ni kí ó jẹ́ o! Inú rẹ̀ máa ń ní ìyẹ̀fun funfun, torí náà ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ sí ojú aṣọ dúdú títí tí kò fi ní tu nǹkan jáde mọ́. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á ta sí i. Ẹ má lo agolo afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń fọ kọ̀ǹpútà, torí omi inú rẹ̀ lè tú jáde ní tútù kí ó sì fi àmì sílẹ̀.

Nínú eruku mẹ́wàá, rọ́bà yìí á lé púpọ̀ lọ. Ẹ tún fótò f/22 yà, ẹ wò ó. Ó lè ku ọ̀kan tó ranjú mọ́ yín.

Fún ẹyọ kan yìí ni gbogbo ènìyàn ṣe ń wá tépù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdánwò kan fún yín tí yóò mú ọkàn yín kúrò níbẹ̀. Ẹ mú gíláàsì ojú tàbí gíláàsì fírémù fótò, ẹ nù ún kó mọ́ tónítóní. Ẹ fi àtè tí ẹ fẹ́ lò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e kúrò. Ojú lásán kò ní rí nǹkan kan. Ẹ wá la ẹnu, kí ẹ mí hàà sí i. Níbi tí àtè kàn, èémí kò ní bò ó bó ṣe bo ibi tó kù. Àwòrán tépù náà á yọ sójú gíláàsì kedere. Mo ti ṣe é fún sikọ́ọ̀ṣì, Patafix àti tépù bébà, gbogbo wọn ló jẹ́wọ́. Ìwé pélébé alálẹ̀mọ́ ni tirẹ̀ kéré jù, àmọ́ kò mọ́. Ohun tó hàn lójú gíláàsì fírémù, ojú sẹ́nsọ̀ yín náà ni yóò wà.

Kọ́ọ̀lù funfun ńkọ́? Àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ní irú oje kan tí wọ́n ń dà sójú dígí awò wọn, yóò gbẹ, wọn á bó o bí awọ, eruku á sì bá a lọ. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n dìídì ṣe oje náà fún. Kọ́ọ̀lù káfíńtà kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀: omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, ó ń ṣàn lọ sí etí, ó ń wọ abẹ́ gíláàsì. Lórí gíláàsì fírémù mi, àárín rẹ̀ bó dáadáa, etí rẹ̀ já, mo sì fi èékánná họ ìyókù. Ẹ ronú pé inú kámẹ́rà ni.

Ohun alálẹ̀mọ́ tí wọ́n ṣe fún sẹ́nsọ̀ wà: igi kékeré tó ní rọ́bà rírọ̀ alálẹ̀mọ́ lórí, bíi èyí tí ilé iṣẹ́ kámẹ́rà Pentax ń tà. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ mọ́ ibi tí eruku wà, ẹ ó gbé e, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà alálẹ̀mọ́ tó bá a wá kí ó lè mọ́. Àtè ń fọ àtè, ẹ rí i. Kí ẹ tó rà á, ẹ wò ó bóyá ó bá irú kámẹ́rà yín mu. Bí kò bá sí, ọ̀pá aláṣọ tó ní oògùn ìfọ̀mọ́ ni ó kù: ti 24 mm fún sẹ́nsọ̀ ńlá tó jẹ́ 24 × 36 mm, ti bíi 16 mm fún àwọn kékeré. Ẹ̀kán oògùn méjì péré. Ẹ fà á láti etí kan dé èkejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ yí ojú kejì rẹ̀, ẹ fà á padà, ẹ jù ú nù. Ọ̀nà yìí kan náà ni ẹ fi ń bọ́ lọ́wọ́ oje, bí ẹ bá ti ṣe bíi tèmi. Fún oje, ó lè gba ọ̀pá mẹ́ta. Kámẹ́rà tí sẹ́nsọ̀ rẹ̀ ń rìn láti dẹ́kun gbígbọ̀n kò fẹ́ kí a fi agbára tẹ̀ ẹ́ rárá.

Ọtí ilé oògùn tí wọ́n kọ 70° tàbí 90° sí kọ́ ni oògùn sẹ́nsọ̀. Omi wà nínú rẹ̀, nígbà mìíràn káńfọ̀ náà sì wà nínú rẹ̀, yóò sì gbẹ di àbàwọ́n.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: fíìmù

Ilé pọ̀ ní Àjàṣẹ́ àti ní Kétu tí páálí nẹ́gátíìfù ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà, láti ayé tí Joseph Moise Agbodjelou (1912–2000) àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ya fótò. Àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde láti fi ṣe àwòrán òkú ìdílé. Inú mi ń dùn sí i, ẹ̀rù sì ń bà mí, torí sikọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ ń mú.

Fíìmù ní ojú méjì. Ọ̀kan ń dán, èkejì ò dán. Bí àwọn lẹ́tà etí fíìmù bá kà dáadáa, ojú tó ń dán ni ẹ ń wò. Ojú tí kò dán ni àwòrán wà, gẹ̀látínì ni, ohun tí a ń rí nínú ẹsẹ̀ màlúù tó dì. Àtè tó bá lẹ̀ mọ́ ọn á ká àwòrán kúrò bí ìgbà tí a bá ń bó èèpo ẹyin. Kò sí àtúnṣe. Ẹ kọ ọ́ sí ọkàn yín pé kò sí àtè kankan, bó ti wù kó rọ̀ tó, tó gbọdọ̀ dé ojú yẹn.

Ẹ di fíìmù mú létí. Ẹ má fà á yọ nínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú agbára. Nínú ọyẹ́, fíìmù tí a bá fà kíá máa ń gba iná mànàmáná díẹ̀ sára, á wá máa pe eruku mọ́ra bí oyin ṣe ń pe eèrà. Ẹ fà á pẹ̀lẹ́, ẹ fi rọ́bà fẹ́ ẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí kò kan nǹkan mìíràn rí gbá a. Àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù sinimá ń lo rọ́bà róbótó alálẹ̀mọ́, tí fíìmù ń gba àárín wọn kọjá, wọ́n sì ń fi omi fọ̀ ọ́ tí eruku bá kún un. Ẹ má rò pé ìgò tí ẹ yí tépù mọ́ lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Bí eruku kan bá rọ̀ mọ́ ojú tó ń dán, mo ń lo tépù bébà. Mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá títí tí kò fi lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, mo gé ṣóńṣó rẹ̀ kó tín-ín-rín, mo fi ṣóńṣó yẹn kan eruku náà nìkan, mo sì gbé e sókè lẹ́sẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù níbi tí kò sí àwòrán. Bí oje bá kù, ọtí àìsópropílì 99% lórí aṣọ tí kò ní fọ́nrán á mú un kúrò. Ẹ dán òun náà wò níbẹ̀ kan náà. Nẹ́gátíìfù tó ń rùn bí ọtí kíkan, tàbí èyí tó ti wú tàbí tó ń ṣẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án ju kí ẹ yà á ní fótò lọ. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Àwọn kan nínú àwọn tó ṣáájú ọdún 1951 sì lè jẹ́ irú tó ń gbiná bí ẹ̀tù. Ẹ gbé wọn jìnnà sí àbẹ́là àti ìdáná.

Eruku tó gbẹ sínú gẹ̀látínì nígbà tí wọ́n ń sá fíìmù, kò sí ohun tó ń yọ ọ́ bí kò ṣe omi. Fún fíìmù dúdú-òun-funfun tí ara rẹ̀ ṣì dá, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó wà ní bíi 20°C fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi omi tí a fi ń sí bátìrì mọ́tò ṣan án, èyí tó jẹ́ omi lásán o, kì í ṣe ásíìdì. Ẹ̀kán ọṣẹ abọ́ kan nínú lítà omi tó kẹ́yìn kì í jẹ́ kí omi dúró lójú rẹ̀. Ẹ fi kọ́ yàrá ìwẹ̀, ẹ fi ìdè aṣọ so ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó má ká, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé lọ wẹ̀ títí di àárọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí ẹ̀rọ sìkánà, àtè tún padà sẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀: ẹ fi sikọ́ọ̀ṣì tẹ aṣọ inú ìdérí ẹ̀rọ, férémù tó ń di fíìmù mú, àti orí tábìlì yípo. Gíláàsì ẹ̀rọ, aṣọ mímọ́ nìkan. Àwọn ẹ̀rọ kan ní ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí tó ń dá eruku mọ̀ tó sì ń pa á rẹ́. Ẹ lò ó fún fíìmù aláwọ̀, ẹ pa á fún dúdú-òun-funfun, torí fàdákà inú rẹ̀ ń dí ìmọ́lẹ̀ yẹn, ẹ̀rọ á sì ka imú ìyá àgbà mọ́ eruku.